Mẹ́dà bàbá wa láti ogun Bọ́mà, ṣé VC ni lóòótọ́?

ỌmọÌgbòho
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Bàbá tó bí màmá mi lọ sógun Bọ́mà, wọ́n fi mẹ́dà kan sílẹ̀ nínú àpótí, ó rí bí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà, àwọ̀ idẹ ni, ríbọ́ǹ ẹ̀ ní pupa láàárín. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń sọ kiri pé Victoria Cross (VC) ni, mẹ́dà akin tó ga jù lọ lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tiẹ̀ ti fẹ́ kọ ọ́ sórí bánà ìrántí bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ ṣé òótọ́ ni? Mi ò fẹ́ ká lọ fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú èrò.

Àkàndé_Peckham
Rárá o àbúrò, VC kì í ṣe ìràwọ̀, àgbélébùú ni. Wo àárín tìẹ dáadáa, wàá rí adé, wàá rí THE BURMA STAR tí wọ́n kọ yí i ká. Ìyẹn, ṣọ́jà tó bá ti débi ìjà Bọ́mà ni wọ́n ń fún. VC ní tiẹ̀, idẹ tó dúdú díẹ̀ ni, kìnnìún wà lórí adé, FOR VALOUR wà nísàlẹ̀, wọ́n á fín orúkọ ẹni tó ni ín àti ọjọ́ tó ṣe akin náà sẹ́yìn ẹ̀. Láti 1856 tí Ọbabìnrin Victoria ti dá a sílẹ̀, èyí tí wọ́n ti fún èèyàn ò ju bíi 1,350 àti díẹ̀ lọ, pẹ̀lú gbogbo ogun tí Gẹ̀ẹ́sì jà yẹn!

ÌyáÌbejì_Ọ̀fà
Kí ló wá dé táwọn tiwa ò rí i gbà ní Bọ́mà? Àbí wọn ò jà ni?

Àkàndé_Peckham
Wọ́n jà kẹ̀ mà. Ní March 1944, Nand Singh ọmọ Íńdíà gba VC ní Arakan ní Bọ́mà, ó gbọgbẹ́ nítan, lójú àti léjìká, síbẹ̀ òun nìkan gba kòtò mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn Jàpáánù. Àwọn ṣọ́jà wa náà wà ní Arakan lọ́dún yẹn, kò sí aláwọ̀ dúdú kankan nínú wọn tó gbà á. Ọ̀gá ológun ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé nípa ẹ, kí ẹlẹ́rìí sì wà, òyìnbó sì lọ̀gá wọn nígbà yẹn, ẹ fojú inú wò ó. Aláwọ̀ dúdú ti gbà á nílẹ̀ Áfríkà wa rí sha, Samuel Hodge, ní Gambia lọ́dún 1866, àáké ló fi já odi ìlú táwọn ọ̀tá sá pa mọ́ sí, ṣùgbọ́n ọmọ Tortola ni, kì í ṣe ọmọ Áfríkà.

Bàbá_Bárékè
Ẹ má gbàgbé Chari Maigumeri. Ó kọ́kọ́ jà fún Jámánì ní Kamẹrúùnù, wọ́n fún un ní Iron Cross, ló bá tún wọ ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì, àwọn náà tún fún un ní Military Medal. Ọ̀tá méjì ló yin ọkùnrin kan ṣoṣo! Ẹ sì wo Dodan Barracks, ẹ wo Arakan Barracks l'Ápápá, Bọ́mà ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn wá, àwọn ọmọ Èkó tó ń kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ ò mọ̀.

ỌmọÌgbòho
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti lọ wò ó, BURMA STAR ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sí orúkọ bàbá lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní òyìnbó ló pààrọ̀ ẹ̀. Mo ti ní kí oníbánà dúró ná.