Kámẹ́rà kẹta ló fẹ́ yà mí ní wèrè

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà tí mo fẹ́ kí kámẹ́rà mélòó kan máa yàwòrán lẹ́ẹ̀kan náà. Kámẹ́rà mẹ́rin ni mo tò yí bẹ́líìtì tó ń gbé ọjà kọjá ká, kí wọ́n lè ya ọjà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Níbẹ̀rẹ̀, mo jẹ́ kí kálukú máa yàwòrán fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dùn ún wò. Ṣùgbọ́n aago inú kámẹ́rà kì í rìn dọ́gba: bí ìyàtọ̀ aago méjì bá jẹ́ 50 péré nínú mílíọ̀nù kan, láàárín ìṣẹ́jú kan wọ́n ti fi mílísẹ́kọ́ńdì 3 jìnnà síra. Bẹ́líìtì tó ń sáré mítà 2 ní sẹ́kọ́ńdì kan á ti gbé ọjà sún mìlímítà 6.

Ni mo bá fa wáyà trigger (àmì iná tó ń sọ fún kámẹ́rà pé kó yàwòrán) sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ní kí timer (aago) inú microcontroller, kọ̀ǹpútà kékeré orí ṣíípù kan, máa ta wọ́n jí nígbà 50 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Mo rò pé ó parí. Kò pẹ́, kámẹ́rà kẹta tún ń fi ọjà mìíràn hàn. Mo pààrọ̀ wáyà, mo tún ground (wáyà ilẹ̀ tí gbogbo wọn jọ ń lò) so, mo bú timer tí kò ṣẹ̀ mí.

Ọjọ́ tí mo ka àwòrán ni afẹ́fẹ́ fẹ́, tí mo rí fùrọ̀ adìyẹ. Ìṣẹ́jú 5 yẹ kó mú 15,000 wá. Ti àwọn yòókù pé, ìkẹta mú 14,962. Mo so wáyà tí kámẹ́rà fi ń sọ pé ojú òun wà ní ṣíṣí mọ́ oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ sókè sódò sójú. Igun tirẹ̀ ṣókùnkùn, mo sì ti gbàgbé auto exposure sí títàn, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ lajú pẹ́ sí i bí ibi bá ṣókùnkùn. Nígbà mìíràn ó ń lajú fún mílísẹ́kọ́ńdì 22, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 20 péré ló wà láàárín trigger kan sí èkejì. Trigger tó bá bá a lójú ṣíṣí, kò ní dá a lóhùn, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ìtòtẹ̀léra àwòrán kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ni èmi sì fi ń so wọ́n pọ̀! Bí ẹyọ kan bá ti fò, gbogbo èyí tó tẹ̀lé e ṣì nìyẹn.

Mo pa auto exposure, mo tanná sí igun náà, mo fi ìlajú gbogbo wọn sí mílísẹ́kọ́ńdì 5.

Èsì:

Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ̀gbọ́n. Ní tèmi, timer gan-an ni mi ò lò. Mo kọ delay (àṣẹ pé kó dúró díẹ̀) sínú loop (apá ètò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe léraléra), loop yẹn kan náà ló tún ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn díẹ̀, trigger á pẹ́. Ìgbà tí mo gbé pin (ẹsẹ̀ microcontroller) tí trigger ń gbà jáde lé timer lọ́wọ́ ni mo tó sùn.