Léèsì tí òdo kan bọ́ lára iye rẹ̀

Aláṣọ, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo ní kí n sọ ọ́ nítorí àwa tí à ń tajà lórí WhatsApp.

Léèsì ni mò ń tà. Lọ́jọ́ náà, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló bá mi gbé àwòrán ọjà tuntun síta. Yáàdì márùn-ún, ₦65,000. Ọmọ yìí tẹ ₦6,500. Èmi wà níbi òkú ní Ọ̀wọ̀, fóònù mi wà nínú báàgì. Kí n tó dé, oníbàárà mi kan ní Oǹdó ti ní òun fẹ́ mẹ́rin, ọmọ náà ti dá a lóhùn pé, "Ó wà mà, ẹ sanwó," ₦26,000 ti wọlé, ẹrù sì ti wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń lọ Oǹdó.

Nígbà tí mo rí i, ẹsẹ̀ mi ò gbà mí mọ́. Mo pe ìyá náà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àṣìṣe ni, òdo kan ló bọ́." Ó ní, "Ẹ ti tà á, mo ti rà á, mo sì ti sanwó. Ọjà ti parí nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni òun kan náà ra irú léèsì yìí lọ́wọ́ mi, àwọ̀ mìíràn ni. Ó ná an títí mo fi yọ ₦2,000 fún un lára ₦65,000. Mo wá ka ohun tó kọ sí ọmọ iṣẹ́ mi: "Tètè dì í kí ìyá ẹ tó dé." Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Mi ò lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ àdéhùn kì í ṣe tiwọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ni mo lọ bá. Ó ní ìyá náà ò kúkú purọ́ tán: bí ọlọ́jà bá dá iye, tí ẹnì kejì gbà, tí owó wọlé, àdéhùn ti wà. Kéèyàn kàn ní "mo ṣì í kọ" kò lè tú u ká. Ká ní ìyá náà rò lóòótọ́ pé gbàǹjo ni mo ṣe, èmi ni ǹ bá jẹ gbèsè mi. Àmọ́ bí olùrà bá mọ̀ pé iye yẹn kọ́ ló wà lọ́kàn ọlọ́jà, tó wá sáré gbá a mú, òfin ò ní gbè é.

Ó sọ ẹjọ́ kan tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1939. Awọ ehoro láti Ajẹntínà ni, 30,000. Ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ti ń ná an bọ̀, bí àwọn oníṣòwò awọ ṣe ń ṣe. Nígbà tí ẹni tó ń tà kọ̀wé, ó fi iye ẹyọ kan sórí ìwọ̀n pọ́n-ùn kan, bẹ́ẹ̀ awọ bíi mẹ́ta ló ń wọ pọ́n-ùn kan. Olùrà ní àfi kó kó awọ wá. Adájọ́ ní rárá, ẹni tó ń ṣòwò awọ ò lè ní òun ò mọ̀ pé àṣìṣe nìyẹn.

Ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì ò de adájọ́ wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lòfin àdéhùn wa ti ṣẹ̀. Ó ní kí n má pa "kí ìyá ẹ tó dé" yẹn rẹ́, kí n sì dá ₦26,000 náà padà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹnì kan láti Oǹdó

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Tèmi ṣì ń dùn mí. Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wa, mo ta àpótí aṣọ wọn lódindi fún obìnrin kan tó ń rán ìrọ̀rí, ₦15,000. Mo fọwọ́ ara mi gbọn aṣọ kan níbẹ̀, ó rí rúsúrúsú bí yẹ̀pẹ̀, ó wúwo. Mo pè é ní àkísà. Sányán gidi ni! Obìnrin náà ò mọ̀. Aláṣọ òkè kan ló là á lójú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé owó rẹ̀ padà lọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Ṣé tèmi náà lè padà?

Aláṣọ, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Mo bá yín bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní tiyín le. Obìnrin kan ta òkúta kékeré kan fún oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní Milwaukee, l'Ámẹ́ríkà, fún $1. Àwọn méjèèjì ò mọ ohun tó jẹ́. Dáyámọ́ǹdì tí wọn ò tíì gé ni, ó tó nǹkan bí $700. Obìnrin náà gbé dọ́là kan padà, ó fi sẹ́ǹtì 10 lé e bí èlé. Lọ́dún 1885, kóòtù ní ọjà ti tà: kò sẹ́ni tó tan ẹnì kejì, ohun tí wọ́n jọ fojú rí ni wọ́n tà. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kó tà á padà fún yín. Ó dùn mí láti kọ èyí, torí aṣọ ìyá ni.

Ẹnì kan láti Oǹdó

Ẹ ṣé mà. Léèsì tiyín ńkọ́?

Aláṣọ, Ọjà Ọba, Àkúrẹ́

Mẹ́ta padà, nínú ọ̀rá tí a fi dì wọ́n. Aránṣọ ti gé ẹ̀kẹrin. Ìyá náà san ₦50,000 lórí ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló fi san án. Ọmọ iṣẹ́ mi ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Kó tó gbé iye jáde báyìí, ó máa ń kà á sí mi létí: "Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin, mà. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"