Ṣé kí n já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí Augmentin?

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmú mi òsì ló wú, ó le, ó pọ́n, ibà sì dá mi dùbúlẹ̀. Dókítà kọ Augmentin 625 mg, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, fún mi, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ó ní díẹ̀ á gba inú wàrà dé ara ọmọ, àmọ́ kò tó ohun tó ń pa á lára, kí n má sì já a lẹ́nu ọmú rárá, torí bí wàrà bá dúró síbẹ̀, wíwú náà á tún le sí i.

Ìyá ọkọ mi ò gbà. Wọ́n ti ra mílíìkì inú agolo kalẹ̀.

Láti àná, ìgbẹ́ ọmọ ń ṣomi díẹ̀. Ara rẹ̀ ò gbóná, ó ń mu ọmú dáadáa. Ta ló ti rí irú rẹ̀ rí? Ṣé ó máa ń lọ fúnra rẹ̀ téèyàn bá lo oògùn tán, àbí kí n padà sọ́sípítù?

(Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má rán mi lọ ra tetracycline ní kẹ́mísítì o. Èyí tó ń ba eyín ọmọ jẹ́ látinú oyún!)

Báwo sì ni mo ṣe máa bá màmá sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àfojúdi?