Kónílé-ó-gbélé 2020: kí lẹ fi jẹun, kí lojú yín rí?

Tíṣà Abẹ́òkúta
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń bi mí bóyá lóòótọ́ ni ìjọba fìgbà kan ní kí gbogbo ayé jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà. Ọmọdé jòjòló ni wọ́n nígbà náà. Mo sọ fún wọn pé aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Èkó àti Abuja wọlé. Ti ìpínlẹ̀ Ògùn di ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin, torí gómìnà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ ká ra oúnjẹ sílé ná. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ dá, wọ́n tún fi kún un, ó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó dẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìyẹn, wọ́n lè kà á nínú ìwé. Ohun tí mo ń wá ni èyí tí kò sí nínú ìwé. Kí lẹ fi jẹun? Iṣẹ́ wo lẹ ṣe?

Àdùkẹ́ Aránṣọ, Ìfọ̀
Ìbòmú ló bọ́ ilé wa. Ọdún Àjíǹde ti sún mọ́lé, aṣọ ẹgbẹ́ ti kún ṣọ́ọ̀bù mi dé ẹnu ọ̀nà, oníkálukú ti san ìdajì owó. Wọ́n wá ní kò ní sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló máa wá gba aṣọ ọdún tí kò rí ibi wọ̀ ọ́ lọ? Ìdajì owó tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó ni aṣọ.

Mo ní kí ọmọ mi bá mi gbé máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí ìyẹn ò bèèrè iná. Àgékù ańkárá wà nílé nínú àpò, láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ń gé e ní ìlọ́po méjì, mo ń ti aṣọ funfun sáàárín, mo ń ká a ní ìṣẹ́po mẹ́ta kó lè gba imú. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi há etí wá wọ́n bí ojú. Mo pa rọ́bà tì, mo ń rán okùn aṣọ tí wọ́n á so mọ́ ìpàkọ́. Àwọn ìyá àgbà tiẹ̀ fẹ́ràn olókùn ju ti rọ́bà lọ, wọ́n ní kò dun àwọn létí. Ní ọjọ́ tí ìjọba bá ní ká jáde, láti aago méje àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, ẹ ó bá mi lẹ́nu ọjà. Bí mo ṣe ń tà ni mo ń fi owó rẹ̀ ra ìrẹsì àti gàárì, kí ọjà tó tú.

Ọmọ Agége
Ẹ̀yin ń sọ ìbòmú. Àwa ní Agége, One Million Boys, ẹgbẹ́ ọmọ ìta tó ń jalè, la mọ̀. Oorun ò sí.

Bọ̀dá Sáńgò
Háà, ìwọ ọmọ yìí! Àláàkúkọ, Ìjàyè, Alágbàdo títí dé Sáńgò níbí, gbogbo wa la jọ ṣọ́ àdúgbò. Ọ̀sẹ̀ ọdún Àjíǹde gan-an ni. Wọ́n á ní wọ́n ti wà ní òpópónà kejì, wọ́n á ní wọ́n ti kọ lẹ́tà pé àwọn ń bọ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, a ó dáná táyà sí oríta, ọkùnrin ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ló ní irin lọ́wọ́. Tó bá ń fi lu òpó iná díẹ̀díẹ̀, àlàáfíà ni. Tó bá lù ú kíkankíkan, kí obìnrin àti ọmọdé tì ilẹ̀kùn. Títí dòní tí mo bá gbọ́ kí irin ró mọ́ irin lóru, oorun á dá lójú mi.

Ẹ wo nǹkan: gbogbo ọdún tí mo ti ń gbé níbẹ̀, mi ò mọ orúkọ aládùúgbò mẹ́ta. Ibi iná táyà yẹn ni mo ti mọ̀ wọ́n.

Ìyá Ìbejì, Ìjàyè
Àwọn ọkọ wa gbìyànjú, ẹ jẹ́ ká yìn wọ́n. Baálé ilé tèmi ò ní àdá, ọmọ odó mi ló gbé jáde. Mi ò gún iyán fún odindi ọ̀sẹ̀ yẹn, torí ọmọ odó wà lójú ogun 😂

Ọmọ Agége
Ọmọ odó! Mọ̀mọ́, ẹ ti pa mí.

Alágbà Ìpájà
Ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ yìí, ta ló fojú ara rẹ̀ rí wọn? Èmi náà ṣọ́ òru. Gbogbo òru ni wọ́n ń bọ̀, wọn ò dé òpópónà wa rí. Àwa lá à ń bẹ̀rù ara wa. WhatsApp ló ń lé wa síta.

Bọ̀dá Sáńgò
Alágbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n pé wọn ò dé ọ̀dọ̀ tiyín ò ní kí wọ́n má dé ibòmíì. Wọ́n já ilé oúnjẹ kan lódìkejì wa, wọ́n kó àpò ìrẹsì lọ. Àwọn ọlọ́pàá alára kó èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún nígbà náà, wọ́n ní ọmọ One Million àti Awáwá ni wọ́n.

Alágbà Ìpájà
Pé wọ́n kó èèyàn, mo gbà. Pé gbogbo ẹni tí wọ́n kó ló jalè, èmi ò gbà. Ọmọ àbúrò mi wà nínú wọn. Búrẹ́dì ló lọ rà.

Ìyá Ìbejì, Ìjàyè
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ṣé ó ti padà wálé?

Alágbà Ìpájà
Ó padà. Ẹ má jẹ́ ká sọ iye tí a san.

Ọ̀kadà Ìkẹjà
Ẹ̀yin ń ka oṣù Kẹta. Ti àwa ọlọ́kadà ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì, ọjọ́ tí wọ́n lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò ní Ìkẹjà àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Kí Kòrónà tó dé, ebi ti mọ ilé wa. Mo yá ọmọlanke, mo ń ta omi. Iná ò sí, pọ́ǹpù omi ò ṣiṣẹ́, gbogbo èèyàn wà nílé, wọ́n sì ń fọwọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà omi ń tà. Kẹ́ẹ̀gì ofeefee ni, mo tò wọ́n ní ìlà méjì, mo fi okùn dì wọ́n. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń pa èèyàn: ẹ ò ní tì í mọ́, ẹ̀yin lẹ ó máa fẹ̀yìn dá a dúró kó má sáré lọ. Ìyá kan á máa jókòó lójú fèrèsé òkè, á ju owó sílẹ̀ nínú ọ̀rá, á ní kí n gbé omi sẹ́nu ọ̀nà kí n sún sẹ́yìn. Mi ò bínú. Ó ti dàgbà, ẹ̀rù ń bà á, kò sì jẹ mí lówó rí.

Tíṣà Aládàáni
Tíṣà Abẹ́òkúta, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin ti ìjọba ń gbowó. Àwa tí a wà ní ilé ìwé aládàáni, ọjọ́ tí wọ́n ti géètì ni owó oṣù tì. Wọ́n tún ní ká máa fi ohùn ka ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, lórí dátà ara wa. Ìdajì àwọn ọmọ náà ò ní fóònù, ti ìyá wọn ni wọ́n ń dúró dè. Ọmọ kan wà, aago mẹ́wàá alẹ́ ló máa ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ti ibi tó ti ń ta ẹja dé. Á ya fọ́tò ìwé rẹ̀ lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, òjìji orí rẹ̀ á bo ìlà ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo máàkì. Bí wọn ò bá sanwó fún mi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yẹn.

Tíṣà Abẹ́òkúta
Ọlọ́run á san án fún yín. Èyí gan-an ni màá kọ́kọ́ kà fún wọn.

Ará Àjàṣẹ́
Ẹ kú àná. Lọ́dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, wọn ò ti ilé mọ́ wa. Ààrẹ ní orílẹ̀-èdè wa ò lówó tí yóò fi bọ́ èèyàn nílé. Wọ́n pààlà yí àwọn ìlú bíi Kútọnu, Wìdá, Sèmè àti Àjàṣẹ́ ká láti ọjọ́ 30 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún: ẹ lè rìn nínú rẹ̀, ẹ ò lè jáde. Màmá mi wà ní Kétu, lẹ́yìn ààlà. Èmi tí mo ń ta aṣọ láti Èkó, ibodè ti tì mọ́ mi lójú láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019, nígbà tí Nàìjíríà ti tirẹ̀ pa nítorí ìrẹsì. Kòrónà bá mi nílẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Peckham
Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni tiwa nílùú ọba. Èmi ò gbélé rí. Ọkọ mi ló wà nílé, ìjọba ń san ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Èmi ń jí lọ síbi iṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì òfìfo. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ aago mẹ́jọ, gbogbo àdúgbò á jáde, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, wọ́n á máa lu ìkòkò fún àwa òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó máa ń bá mi bu ọbẹ̀ wá, Kòrónà mú un lọ. Lórí fóònù la ti wo ìsìnkú rẹ̀. Àtẹ́wọ́ yẹn, mi ò lè gbọ́ ọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Ìjàyè
Ẹ kú àmúmọ́ra, àbúrò mi. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Ọmọ Ìbàdàn
Ẹ kú ìrójú, àǹtí. Ní Ìbàdàn kò sí kónílé-ó-gbélé bíi ti Èkó, òfin kí a má rìn lóru ni wọ́n fún wa. Gómìnà Makinde kó Kòrónà, ó sàn, ó wá sọ lórí rédíò pé oyin àti òróró habbatu-sáódà, èso dúdú wẹ́wẹ́ yẹn, wà lára ohun tí òun lò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí habbatu-sáódà lọ́jà mọ́!

Nọ́ọ̀sì Peckham
Ó tún sọ pé òun lo fítámì C àti káróòtì. Ẹ jọ̀ọ́, oyin ò pa Kòrónà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kó o ló ń sàn fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn
Mo gbọ́, àǹtí. Ṣùgbọ́n ìyá mi lá a lójoojúmọ́, kò sì ṣàìsàn.

Nọ́ọ̀sì Peckham
Kí ó máa lá a lọ. Kó ṣáà gba abẹ́rẹ́ kún un.

Ọ̀kadà Ìkẹjà
Ẹnikẹ́ni rí ìrànwọ́ oúnjẹ ìjọba gbà? Tàdúgbò wa, àpótí kan ni fún òpópónà. A fi kọ́ńgò pín ìrẹsì, ó ku diẹ kí wọ́n jà.

Ọmọ Agége
Oṣù Kẹwàá la rí i, ní Mazamaza, nígbà tí àwọn èèyàn já ilé ìkóǹkanpamọ́sí. Oúnjẹ tó yẹ ká ti jẹ.

Alágbà Ìpájà
Olè ni ìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Ìjàyè
Ta ni olè, sà? Ẹni tó tì í pa àbí ẹni tó já a? Àwọn ọmọ mi mu gàárì láìsí ṣúgà, oúnjẹ sì wà nínú okùnkùn tí kòkòrò ń jẹ ẹ́.

Alágbà Ìpájà
Èmi ò ní kí wọ́n tì í pa. Mo ní ìrúkèrúdò yẹn, èèyàn kú níbẹ̀.

Ọmọ Agége
Mọ̀mọ́ Aránṣọ, àwọn tó ni aṣọ ẹgbẹ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n wá?

Àdùkẹ́ Aránṣọ, Ìfọ̀
Wọ́n wá nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣí. Aṣọ ò wọ ọ̀pọ̀ wọn mọ́, wọ́n ti sanra nílé. Mo tú ẹ̀gbẹ́ aṣọ, mo gbowó títú, mo gba ìdajì mi.

Fọkanáísà Alágbàdo
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ iná táyà. Táyà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ta ló kó o?

Bọ̀dá Sáńgò
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Táyà yín ló ṣọ́ wa.

Fọkanáísà Alágbàdo
Èyí tó ti kú, mo fi ta yín lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n méjì nínú wọn, oníbàárà ló gbé e wá pé kí n bá òun lẹ̀ ẹ́. Mo san án láti àpò mi. Kí Sáńgò àti Alágbàdo dá owó jọ.