Mo ti ń ṣe ẹ́díìtì fíìmù àwọn ẹlòmíràn fún ọdún 9, mo fẹ́ ṣe tèmi báyìí

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ ọdún 34 ni mí, Mọ́níyà ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Fídíò ìgbéyàwó àti ti òkú àgbà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí àwọn onífíìmù Yorùbá tó máa gbé iṣẹ́ wá fún mi. Fíìmù tó ti gba ọwọ́ mi kọjá ti lé ní 60. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ tèmi.

Ohun tó mú mi kọ̀wé lónìí nìyí. Lóṣù tó kọjá, mo fi òru mọ́jú parí fíìmù kan, mo sì fi í ránṣẹ́. Wọ́n ti san ìdajì owó kí n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ìdajì tó kù ń bọ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ọmọ aládùúgbò mi gbé fóònù wá, ó ní, “Màmá Ìbejì, ẹ wá wo fíìmù tuntun.” Iṣẹ́ mi ni. Wọ́n ti gbé e sórí YouTube, èrò ti ń wò ó, owó mi ò tíì dé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n tiẹ̀ yọ orúkọ mi kúrò níparí rẹ̀. Mo sunkún.

Mo ní ₦1,800,000 tí mo fi ọdún mẹ́ta kó jọ. Mo ní ìtàn kan, ti àbúrò ìyá mi tó ń ta ẹ̀kọ ní Ọjà Ọba. Èèyàn mẹ́fà péré ló wà nínú rẹ̀, ilé kan àti ọjà. Ṣé kí n fi owó náà ṣe é? Ṣé kí n ṣí channel tèmi ni, àbí kí n tà á fún àwọn tó ti ní channel ńlá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ òótọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Channel tuntun tó ń gbé fídíò gígùn jáde kì í rí owó ìpolówó gbà lọ́wọ́ YouTube àfi táwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ bá pé 1,000, táwọn èèyàn sì ti fi wákàtí 4,000 wo nǹkan tó wà níbẹ̀ láàárín oṣù 12. Fíìmù kan ṣoṣo lè má gbé yín débẹ̀. Ní tèmi, ẹ tà á, kẹ́ ẹ gba owó yín, kẹ́ ẹ sùn.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì, Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Èmi náà ti sun irú ẹkún yẹn rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ò parọ́ nípa wákàtí 4,000, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ “ẹ tà á” yẹn. Jẹ́ kí n sọ ìdí. Ọdún 1998 ni mo wọ iṣẹ́ yìí ní Èkó. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì méjì la fi ń ṣe ẹ́díìtì nígbà yẹn, ọ̀kan ń sọ, ìkejì ń gbà. Bó o bá rí àṣìṣe láàárín iṣẹ́, gbogbo ohun tó tẹ̀lé e lo máa tún ṣe. Bó o sì ṣe ń da kásẹ́ẹ̀tì kan kọ sórí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń ṣá sí i. Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ sọ fún wa pé nígbà Ògúndé, tó gbé Aiyé jáde ní 1979, fíìmù gidi, irú èyí tí wọ́n ń fọ̀ bíi fọ́tò, ni wọ́n ń lò, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Nígbà tí náírà já lulẹ̀ lẹ́yìn 1986, apá ò ká ìyẹn mọ́, la bá yà sídìí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Ìdúmọ̀tà ni wọ́n ti ń tà á. Pirodúsà á gbé kásẹ́ẹ̀tì ìpìlẹ̀ fún máàkẹ́tà, á gba owó lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn. Mo mọ àwọn tó ṣe fíìmù tí tọmọdé tàgbà mọ̀ lórí, tí wọn ò ní ẹ̀dà rẹ̀ kankan nílé lónìí. Channel ńlá tí ẹ̀ ń wí yìí, Ìdúmọ̀tà tuntun ni lójú tèmi.

Nítorí náà, má tà á. Yá wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n lè fi hàn lórí YouTube nìkan, fún ọdún méjì, pé lẹ́yìn náà ó padà sọ́dọ̀ rẹ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022 wà lẹ́yìn rẹ: ẹni tó ṣètò bí fíìmù ṣe di ṣíṣe ni òfin kà sí ẹni tó ni ín, àfi tí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn, ẹ̀tọ́ náà kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ láìsí ìwé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n á fi gbé ìwé wá. Kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tó o bá ti rí “títí láé,” dìde nílẹ̀. Láàárín ọdún méjì yẹn, ṣí channel tìrẹ, máa gbé nǹkan kéékèèké síbẹ̀, bí àbúrò ìyá rẹ ṣe ń ro ẹ̀kọ, bó o ṣe ń gé ìran kan. Kí èrò ti wà níbẹ̀ kí fíìmù tó padà dé.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹ́dítọ̀ ò lè ṣe pirodúsà. Kámẹ́rà ni Ọ̀gá Túndé Kèlání kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ní tẹlifíṣọ̀n, ó ti bá àwọn ẹlòmíràn ya fíìmù tiwọn, kó tó dá Mainframe, ilé iṣẹ́ fíìmù tirẹ̀, sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé e débẹ̀.

Ohun tó o mọ̀ tí olówó ò mọ̀ ni ibi tí fíìmù ti ń kú. Ohùn ló ń pa á. Gba ẹni tó mọ ohùn gbà kó o tó yá kámẹ́rà olówó ńlá, kó o sì bá àwọn ará ilé kejì sọ̀rọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀ wọn kí ọjọ́ iṣẹ́ tó dé. Ní gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti yàwòrán, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ gba ohùn yàrá náà fúnra rẹ̀ sílẹ̀, òun lo máa fi dí àlàfo níbi tó o bá ti gé ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé o ti wá a títí nínú àwọn fíìmù 60 yẹn, o ò rí i.

Èkejì, ojú ẹni tó ń gbọ́rọ̀. Àwọn onífíìmù wa fẹ́ràn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jù. Bí bàbá bá ń pòwe fún ọmọ rẹ̀, má dúró sójú bàbá dópin. Bí òwe bá ti dé ìdajì, gé e sójú ọmọ náà. Yorùbá ni wá, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí. Ojú ọmọ náà ni a ó ti rí i pé àbọ̀ tó kù ti dé inú rẹ̀ kí bàbá tó sọ ọ́ tán. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ṣiṣẹ́ kí n tó mọ èyí, kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá ya ojú ọmọ náà lọ́jọ́ iṣẹ́, kò sí ohun tí ẹ́dítọ̀ lè gé. Ìwọ ni pirodúsà báyìí, rí i pé wọ́n yà á.

Owó, má ná an tán lórí yíya àwòrán. Fi ìdá kan nínú mẹ́rin pamọ́ fún ohun tó máa bàjẹ́, torí nǹkan kan máa bàjẹ́. Ní 2011, iná lọ lójijì, mo dìde nínú òkùnkùn, ẹsẹ̀ mi fa wáyà, hard drive já bọ́ láti orí tábìlì. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ síbẹ̀. Owó ara mi ni mo fi tún un yà. Láti ìgbà náà, ẹ̀dà mẹ́ta ni mò ń ṣe, ilé àbúrò mi obìnrin ni ẹ̀kẹta máa ń sùn.

Ìyá Tólú, Peckham

Èmi kì í ṣe ẹ́dítọ̀, òǹwòran ni mí, London ni mo wà. Àwọn ọmọ mi ò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ọ̀rọ̀ Òyìnbó tó ń kọjá nísàlẹ̀ ni wọ́n fi ń bá wa wo fíìmù lọ́jọ́ Àìkú. Òwe ni wọ́n máa ń bà jẹ́ jù níbẹ̀. Nínú ọ̀kan, àgbàlagbà kan ní “ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.” Ẹ̀wà tí a ń jẹ ni wọ́n kọ. Ọmọ mi wá ń bi mí pé kí ni ẹ̀wà ń ṣe láàfin. Ó dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sanwó fún ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì. Ìpolówó tí wọ́n ń fi hàn wá níbí wọ́n ju ti ilé lọ, àwa náà ń mówó wá fún yín.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ṣí iṣẹ́ kan tó wà lọ́wọ́ mi, mo gé e sójú ọmọ náà níbi ìdajì òwe bí ẹ ṣe wí. Bàbá Ìbejì ń kọjá lẹ́yìn mi, ó dúró, ó wò ó tán.

Mo máa yá wọn ni, mi ò ní tà á. Ìyá ẹlẹ́kọ fúnra rẹ̀ ní òun á wá kọ́ òṣèré náà bí wọ́n ṣe ń polówó ẹ̀kọ, torí ohùn tí wọ́n fi ń polówó láàárọ̀ yàtọ̀ sí ti alẹ́. Ìbéèrè kan ló kù: onídùndún kan ládùúgbò wa ní òun á bá mi lù sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ìyẹn náà nílò ìwé?

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì, Abẹ́òkúta

Ó nílò ìwé, ó sì nílò owó, bó ti wù kó kéré mọ. Kọ iye tó o san síbẹ̀, kọ orúkọ fíìmù, kó fọwọ́ sí i níṣojú ẹlẹ́rìí. Bí ẹlòmíràn bá gbé ìlù yẹn sórí YouTube tó ní òun ló ni ín, owó ìpolówó fíìmù rẹ lè máa lọ sápò onítọ̀hún, ìwé yẹn lo máa fi gbà á padà. Gbé orúkọ onídùndún náà síparí fíìmù, kó hàn ketekete. Gbé tìrẹ náà síbẹ̀.