Mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ medical assistant ní kọ́léèjì, ṣé ti ọdún méjì ni àbí ti oṣù mẹ́sàn-án?

Ìyá Ìbejì Houston:
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣe é rí. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti dé Houston, gíríìnì káàdì ni mo fi wọlé, ọkọ mi ló mú mi wá. Nílé, aṣọ ọmọdé ni mo ń tà, WAEC sì ni ìwé mi mọ. Ní báyìí mò ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, owó ń wọlé lóòótọ́ àmọ́ ẹ̀yìn ń dùn mí, alẹ́ ni wọ́n sì sábà máa ń pè mí, àwọn ìbejì ò kí ń rí mi. Ní ọ́fíìsì dókítà wọn, mo máa ń wo àwọn medical assistant, àwọn ló ń wo BP, àwọn ló ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́, tí wọ́n á tẹ gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tó bá di aago márùn-ún wọ́n ti ń lọlé. Ó wù mí gan-an. Kọ́léèjì ìjọba kan nítòsí wa ní ti ọdún méjì, ìyẹn associate degree. Sùkúù aládàáni kan náà wà tó ń pè mí lójoojúmọ́, oṣù mẹ́sàn-án péré, wọ́n ní àwọn á bá mi wáṣẹ́. Èwo ni kí n mú? Ṣé WAEC mi máa wúlò? Ṣé ó sì lè gbé mi dé nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ iwájú, torí ibẹ̀ gan-an lọkàn mi wà. Ẹ má bínú pé ó gùn o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Atlanta:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún kẹfà mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọkàn ni mo wà. Kẹ́ ẹ tó bèèrè iye owó, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ṣé CAAHEP tàbí ABHES, àwọn àjọ tó ń yẹ irú kọ́ọ̀sì yìí wò, fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì medical assistant wọn, kọ́ọ̀sì yẹn gan-an o, kì í ṣe sùkúù lápapọ̀. Ìdí ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ jókòó ṣèdánwò CMA, ìyẹn sátífíkéètì tí AAMA, ẹgbẹ́ àwọn medical assistant, ń fúnni, ọ̀nà tó dájú jù ni kẹ́ ẹ jáde níbi tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì fọwọ́ sí. Ìbéèrè 200 ni, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́rin, ogójì ìṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá yege, ó di ẹ̀yìn ọdún 5 kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ dọ̀tun. CCMA, sátífíkéètì tí àjọ mìíràn tó ń jẹ́ NHA ń fúnni, náà wà, òun ò le tó bẹ́ẹ̀ láti wọlé sí. Texas ò ní kẹ́ ẹ gba lísẹ́ńsì, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kì í wo ojú ẹni tí ò ní sátífíkéètì.

Ìwé ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Orúkọ àìsàn àti ẹ̀yà ara nìkan tó ohun téèyàn ń sùn lé lórí, kẹ́ ẹ tó wá kan oògùn, EKG tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn ṣe ń lù, gbígba ẹ̀jẹ̀, àti kóòdù tí wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ insurance. Apá rọ́bà la kọ́kọ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà a wá ń gún ara wa. Practicum, ìyẹn iṣẹ́ ìdánrawò ní ọ́fíìsì dókítà, ló parí ẹ̀, ó kéré tán wákàtí 160, wọn ò san kọ́bọ̀ fún mi, ojúmọmọ sì ni, nítorí náà ẹ tètè wá ẹni tó máa mú àwọn ìbejì. Bàbá kan ni mo kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ níbẹ̀, iṣan ẹ̀ ń yọ̀ lọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, bàbá yẹn ló ń sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láé.

Owó ẹ̀ ò tó ti nọ́ọ̀sì o. Lọ́dún 2023, ìṣirò ìjọba ní ìdajì wọn ń gbà ju $42,000 lọ lọ́dún, ìdajì ò tó bẹ́ẹ̀.

Àkànbí Dallas:
Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ sá fún àwọn tó ń pè yín lójoojúmọ́ yẹn. Bí wọ́n ṣe pe èmi náà nìyẹn lọ́dún 2017, mi ò ní dárúkọ wọn. Mo yá $16,000, mo fi oṣù mẹ́wàá kà á, ìgbà tí mo wá fẹ́ tẹ̀síwájú ní community college, wọ́n ní àwọn ò lè gba kíláàsì kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Inú mọ́tò ni mo jókòó sí tí mo ti sunkún. Mo ṣì ń san owó yẹn dòní. Ẹ rántí Corinthian Colleges tó ni Everest, medical assistant wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ èèyàn, April 2015 ni wọ́n tì pa, ó di 2022 kí ìjọba àpapọ̀ tó ní àwọn ti fagi lé gbèsè èèyàn 560,000, $5.8 billion.

Ẹ kún FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ owó sùkúù lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ má sanwó fẹ́nikẹ́ni torí ẹ̀. Ẹni tó ní gíríìnì káàdì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ibẹ̀ ni Pell Grant ti ń wá, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba ni, kì í ṣe ẹ̀yáwó, ẹ ò ní dá a padà, lọ́dún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 ó lè tó $7,395, iye tó ń wọlé fún ẹ̀yin àtọkọ yín ni wọ́n máa wò. WAEC yín máa wúlò, ọ̀pọ̀ kọ́léèjì á kàn ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí WES tàbí irú wọn tó wà lábẹ́ NACES, ẹgbẹ́ àwọn tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, kí wọ́n ṣírò ẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà.

Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì Maryland:
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tó o sọ nígbẹ̀yìn yẹn ni mo fẹ́ kó o gbọ́ dáadáa. Medical assistant kì í ṣe àtẹ̀gùn nọ́ọ̀sì, ọ̀nà tiẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó lè bá ẹ kọjá síbẹ̀ ni àwọn kíláàsì bí English àti Anatomy and Physiology, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣìnà. Èyí tí wọ́n ń kọ́ àwọn medical assistant sábà máa ń jẹ́ kíláàsì kan, láìsí láàbù. Sùkúù nọ́ọ̀sì fẹ́ Anatomy and Physiology I àti II, pẹ̀lú láàbù, pẹ̀lú Microbiology. Lọ bá advisor kó o tó forúkọ sílẹ̀, bi í bóyá wọ́n á jẹ́ kó o fi I àti II yẹn dípò kékeré yẹn. Má sì jẹ́ kó pẹ́ jù, torí ọ̀pọ̀ sùkúù nọ́ọ̀sì kì í gba sáyẹ́ǹsì tó ti lé lọ́dún 5 tàbí 7. Torí ẹ̀ ni mo fi ní kó o mú ti ọdún méjì ní kọ́léèjì ìjọba. Ká ní o ti ṣe nọ́ọ̀sì tán ní Nàìjíríà ni, ǹ bá ní kó o má tiẹ̀ yà síbi medical assistant rárá, NCLEX, ìdánwò lísẹ́ńsì nọ́ọ̀sì, ni.

Ìyá Ìbejì Houston:
Ẹ ṣé gan-an ni, Mọ̀mí, àti gbogbo yín. Mo pe kọ́léèjì ìjọba yẹn láàárọ̀ yìí, wọ́n ní CAAHEP fọwọ́ sí i. Mo pe ti aládàáni náà, mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà, obìnrin yẹn ní òun máa pe mí padà, kò tíì pè. Ọjọ́ Thursday ni mo máa rí advisor, mo ti kọ I àti II sínú ìwé kí n má gbàgbé, ọkọ mi náà ti ń bèèrè níbiṣẹ́ bóyá wọ́n lè gbé e lọ sí alẹ́ nígbà practicum.