Báwo lẹ ṣe ń dá okùn cello padà sí ohùn rẹ̀ láàárín orin méjì?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́rin la jọ ń fi ohun èlò olókùn ṣeré: fáyólìn méjì, viola kan (ó tóbi díẹ̀ ju fáyólìn lọ), àti cello, ìyẹn irú fáyólìn ńlá tí à ń jókòó lò, tí èmi ń lò. Orin tuntun mẹ́ta tí àwọn ará àdúgbò wa kọ la fẹ́ gbé jáde. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n dẹ okùn tó nípọn jù láti ohùn C sí ohùn B tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ C gan-an ni orin tó tẹ̀ lé e ń fẹ́. Tí mo bá dá a padà, kì í pẹ́ tó fi ń yẹ̀. Orin náà rẹwà púpọ̀, mi ò fẹ́ kí ẹni tó kọ ọ́ yí i padà nítorí tèmi. Ṣé kí n yá cello kejì ni, àbí ká fi orin náà kádìí ètò? Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń ṣe?